Ọ̀gá 4K Ti Mú Rìmóòtù, Ẹ Bá Wa Bẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀dá kan ti wá pọ̀ lóde òní, tẹ́ ẹ bá fi lè jókòó tì í wo fíìmù, ẹ ti wọ gàù. Òun ò wá wo fíìmù o, ẹjọ́ ló wá dá. Dírágónì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fò bọ̀ látẹ̀yìn òkè, gbogbo yín ti la ẹnu sílẹ̀, àfi gbàà, ó ti dá fíìmù dúró, ó ti dìde, ó ti fi ìka gún síkírínì: "Ẹ wo etí apá ẹ̀, ẹ ò rí ìlà funfun yẹn? Àwọn tó ṣe CGI yìí, àwòrán orí kọ̀ǹpútà yìí, ò mọṣẹ́ rárá!" Á wá máa wojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó mú olè.

Ọ̀gá 4K, ẹ kú ojú o. Ṣùgbọ́n kí gan-an lẹ ní kí wọ́n tà fún yín? Tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un, ìlà 480 tàbí 576 ló fi ń gbé àwòrán jáde, ti fídíò kásẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo nǹkan kàn rí bàìbàì ni, wáyà tó gbé akọni sókè ń bẹ níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ wíìgì mọ́ iwájú orí ń bẹ níbẹ̀, òkè ńlá tó wà lẹ́yìn yẹn, orí gíláàsì ni wọ́n ti fi ọ̀dà yà á, kò sẹ́ni tó rí ìkankan, à ń pàtẹ́wọ́ ní tiwa. Ní sinimá tí àwòrán ti tóbi gan-an, fìrí ló ń kọjá, kò sẹ́ni tó máa bá yín dá a dúró. Ẹ wá lọ ra tẹlifíṣọ̀n 4K, 3840 lọ́nà 2160, píksẹ́ẹ̀lì (àwọn tótòtó tó ń para pọ̀ di àwòrán) tó lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin ti tẹlifíṣọ̀n HD 1080p. Ohun tójú ń wá lojú ń rí, kí lẹ tún ń bínú sí?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n kọ 4K gàdàgbà sí lára, 2K tí píksẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò tó ti 4K ni wọ́n ti ṣe CGI inú ẹ̀, wọ́n wá fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, torí píksẹ́ẹ̀lì tó bá di ìlọ́po mẹ́rin, àkókò àti owó kọ̀ǹpútà náà ń gbéra nìyẹn. Ọ̀gá ń fojú 4K yẹ 2K wò, ó tún ń mirí.

Ìlà funfun ọjọ́sí ńkọ́? Ẹ gba rìmóòtù lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wo sẹ́tìngì. Sharpness wà ní 100! Iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn, ó ń fa ìlà sétí gbogbo nǹkan kó lè dà bíi pé àwòrán mú. Dírágónì ò jẹ̀bi o jàre.

Ti motion smoothing ló wá le jù. Fíìmù, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n á ní ó kéré, á máa méfò èyí tó yẹ kó wà láàárín, á sì ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹranko tó yẹ kó wúwo tó ilé á wá máa yọ̀ tẹ̀rẹ́ bíi ti inú géèmù, wọ́n á ní CGI ni. Àtilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń tàn án sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ní Dìsẹ́ńbà 2018, òṣèré Tom Cruise àti Christopher McQuarrie tó ń darí fíìmù ẹ̀ ṣe fídíò, wọ́n ń bẹ aráyé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pa á. Ọkùnrin tó ń fò bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú torí fíìmù o, rìmóòtù yín ló ń bà á lẹ́rù! Ní 2019 ni wọ́n kéde Filmmaker Mode, sẹ́tìngì tó ń pa gbogbo àfikún yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ní òun ò lò ó, ó ń jẹ́ kí àwòrán ṣókùnkùn, Vivid lòun fẹ́, kí ojú gbogbo èèyàn ṣáà máa tàn bí gílóòbù.

Tẹlifíṣọ̀n 8K, tó tún ju 4K lọ, ló ń wò láti rà báyìí. Mo ní fíìmù wo lẹ fẹ́ fi wò, ṣebí fíìmù 8K wọ́n bí ojú? Ó ní àwọn tó ti wò tẹ́lẹ̀ náà ni, kóun lè rí àṣìṣe tó kù.