Ẹ Má Dààmú, A Ti Bi Àwọn Tó Ń Lò Ó

Ẹni tó bá ń ṣe áàpù lóde òní tí kò tíì ṣe yúsà rísáàṣì, ìyẹn kí wọ́n bi àwọn tó ń lo áàpù léèrè, kí wọ́n sì wo bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí bọ́tìnì 17 fi tò sórí ìwé kan ṣoṣo tí ẹ̀yin mẹ́rin jọ ń kọ, wọ́n á fi ojú àánú wò yín, wọ́n á ní: "Ẹ má dààmú, a ti bi àwọn tó ń lò ó." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ta ló máa bá ẹni tó ti bi aráyé jiyàn?

Àwọn àgbà ló ní abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn àgbà ò tíì rí ẹni tó ti pinnu ibi tó ń lọ kó tó béèrè, tó wá ń béèrè kí wọ́n lè bá a ya fọ́tò níbi tó ti ń béèrè.

Ẹ ti rí fọ́tò ọ̀hún. Ògiri kan, bébà kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀, èèyàn mẹ́fà káwọ́ gbera níwájú rẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé ògiri fẹ́ sọ̀rọ̀. Lórí bébà kan, wọ́n kọ "Ó rújú". Lórí òmíràn, "Ó rújú gan-an ni". Wọ́n wá kó méjèèjì sábẹ́ bébà ńlá kan, wọ́n kọ "Ìrújú" sí i lórí. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì lẹ rí yẹn o.

Wọ́n ti bi èmi náà rí. Àwa márùn-ún là ń jọ kọ ìwé ìṣirò owó kan nínú ọ̀kan lára àwọn áàpù tí gbogbo ọwọ́ lè jọ máa kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan kọ kọ́mẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: "Owó yìí ò pé o." Mo rí àmì kan lẹ́bàá ọ̀rọ̀ rẹ̀, irú èyí tí tíṣà máa ń fà sí iṣẹ́ tí ọmọ bá gbà. Mo tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, "mo ti gbọ́" ni mo wí. Lójú áàpù, "ọ̀rọ̀ ti yanjú" ni mo wí. Kọ́mẹ́ǹtì bá pòórá, owó ò sì pé títí ìwé fi dọ́wọ́ ọ̀gá.

Mo fẹjọ́ sun àwọn tó ṣe áàpù náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pè mí: ẹ wá bá wa ṣe yúsà rísáàṣì, ìṣẹ́jú 40 péré. Inú mi dùn, mo ní wọ́n gbọ́ ẹkún mi.

Ọmọbìnrin kan ló yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ tó mọ èèyàn án kí. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Áàpù la fẹ́ dán wò o, kì í ṣe ẹ̀yin. Ohunkóhun tó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ ṣáà máa sọ ọ́ jáde." Ó ní kí n lọ wá kọ́mẹ́ǹtì tó sọnù náà jáde. Mo wọ mẹ́nù kan, mo jáde. Mo wọ ìkejì, mo tún bá mẹ́nù mìíràn nínú rẹ̀, mo jáde. Mo sì ń sọ ọ́ jáde bó ṣe wí: "Mò ń wá a. N kò rí i. Mo ṣì ń wá a." Òun ń kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáá. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Ọmọ mi, níbo ló wà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Níbo lẹ rò pé ó yẹ kó wà, sà?" Ọmọ ọdún márùn-ún tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé pamọ́ nìkan ló tíì dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ká má parọ́, ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń lò ó, pa ẹnu mọ́, kó o wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ ní 2001 pé ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe ni ká máa wò, ká fi ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Òun náà ló kọ ọ́ ní 2000 pé bí èèyàn 5 bá dán nǹkan wò, wọ́n á tú bíi 85% àléébù rẹ̀ síta. Pé kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ wá èèyàn 5 mìíràn. Èèyàn 5 nìkan ni àwọn tó ń ṣe áàpù rántí. Àwọn 5 tó jókòó tì wọ́n lọ́fíìsì, tí wọ́n jọ ya bọ́tìnì náà, ni wọ́n sì máa ń lò.

Nígbà tí a fẹ́ túká, ó bi mí pé láti 0 dé 10, ṣé mo lè júwe áàpù yìí fún ọ̀rẹ́ mi? Ọ̀rẹ́ wo? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ni owó tí ò pé! Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣe sùúrù fún mi, ojú sì ń tì mí. Mo ní 9. N kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá sọ 9 ti di olólùfẹ́ paraku.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, áàpù di tuntun. Àpótí kan bo gbogbo ojú rẹ̀: "Ẹ sọ ọ́, a gbọ́!" Mo wo àmì mi. Ó wà níbi tó wà, wọ́n kàn kùn ún láwọ̀ ewé ni. Wọ́n wá fi bọ́tìnì mìíràn tì í, èyí tí èèyàn lè fi ju ọkàn pupa lu kọ́mẹ́ǹtì. Àlàyé ìpele 7 ló tẹ̀ lé bọ́tìnì yìí, ìpele kẹrin sì bo bọ́tìnì tó ń ṣàlàyé mọ́lẹ̀.

Ti àpótí Share, tí a fi ń pín ìwé fún ẹlòmíràn, wá ńkọ́? "Ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì." Ohun tí gbogbo wa ń kà síbẹ̀ ni "ẹnikẹ́ni tí mo bá fún ní líǹkì". Àṣírí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti bọ́ sáàárín gbólóhùn méjèèjì. Wọ́n sì bi wá o: "Ṣé ó yé yín?" Ta ló máa sọ níwájú àjèjì pé gbólóhùn kan péré ò yé òun? Ó yé wa. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yé wa.

Kì í kúkú ṣe pé ẹnì kankan ò ṣe é re rí. Kí Office 2007 tó jáde, Microsoft tó ṣe é ti ka ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ nínú Word 2003, áàpù ìkọ̀wé wọn. Àṣẹ márùn-ún, Paste, Save, Copy, Undo àti Bold, ló kó bíi 32% gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un ló ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ibi tó wà ni wọn ò rí. Bó bá jẹ́ àwọn tiwa yìí ni, bọ́tìnì kẹfà ni wọ́n á ṣe, èyí tí yóò máa júwe ọ̀nà àwọn márùn-ún.

Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá 1968 ni Douglas Engelbart, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, fi han èrò ní San Francisco bí èèyàn méjì tó jìnnà síra ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ lójú ìwé kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Títí dòní, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni: "Ṣé ohun tí mò ń rí lẹ̀yin náà ń rí?"

Láàárọ̀ yìí, mo ń ka kọ́mẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ nígbà tí àpótí kékeré kan yọ láti igun ìsàlẹ̀, ó sì bo ìlà tí mò ń kà gan-an. "A fẹ́ gbọ́ tẹnu yín! Láti 0 dé 10..." Mo wá ibi tí wọ́n ti ń tì í. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́. N kò rí i.

Mo tẹ 9.