Ọnọ́ọ̀sì ti wà nínú BSc wa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ fún àwa ọmọ Yorùbá Kubwa pé ẹni tó gba BSc ní yunifásítì Zaria tàbí Gwagwalada kò tíì ní ọnọ́ọ̀sì (honours, àmì ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ sí i lórí BSc), àfi tó bá tún ka ọdún kan sí i bíi ti South Africa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ ti lú ètò méjì pọ̀ mọ́ra. Ní South Africa, ọdún mẹ́ta ni BSc wọn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ dára ló ń wọlé fún BSc Honours, ọdún kan tó dá dúró, tó ní sàtífíkéètì tirẹ̀, kó tó kan Masters. Tiwa ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni, pírójẹ́ẹ̀tì sì wà nínú ọdún kẹrin; inú rẹ̀ ni ọnọ́ọ̀sì wà. Ẹ bi àwọn ọmọ kẹ́místrì ní Samaru, ní Zaria, tí sùpáfáísọ̀ fi bírò pupa fa ìlà sí orí kẹta pírójẹ́ẹ̀tì wọn látòkè délẹ̀, bóyá eré ni wọ́n ń ṣe.

Ibi tí òótọ́ díẹ̀ wà nìyí: tí ọmọ wa bá fẹ́ lọ ṣe Masters ní South Africa, àjọ ìjọba wọn tó ń jẹ́ SAQA ló ń yẹ ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ sì lè ní kó kọ́kọ́ ṣe Honours. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ọmọ wa kò ní ọnọ́ọ̀sì.

Nílé níbí, fọ́ọ̀mù Masters ni kí àwọn àgùnbánirọ̀ wa gbà tí second class bá ti wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun ń ta ọdún ọnọ́ọ̀sì fún wọn, owó wọn ló ń wá.