Arẹ́gbẹ́ṣọlá kò ṣe igbákejì gómìnà l'Ékòó rí

Láti Ìpájà dé Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ń pín in lórí WhatsApp: pé Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni igbákejì Tinúbú nígbà tí Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, àti pé lílé tí APC lé e ti fòpin sí ìṣèlú rẹ̀. Irọ́ ni méjèèjì.

Kọmíṣánnà fún iṣẹ́ òde ló jẹ́ láti 1999, kó tó lọ dupò gómìnà Ọ̀ṣun. Kofoworọlá Bucknor-Akerele ló kọ́kọ́ ṣe igbákejì Tinúbú, Fẹ́mi Pedro ló tẹ̀lé e. Nígbà tí ilé aṣòfin yọ Pedro ní 2007, Abíọ́dún Ògúnlẹ́yẹ ló bá wọn parí sáà náà. Mo rò pé òkìkí Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Alimọ̀ṣọ́ ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ igbákejì gómìnà ni kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀.

L'Ọ́ṣun, Oyinlọlá ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé ó wọlé ìbò gómìnà ní 2007. Arẹ́gbẹ́ṣọlá ò gbà, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ìgbà tó sì di oṣù kọkànlá 2010 ni Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre. Ó lo sáà méjì, ó sì di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé láti 2019 sí 2023.

Òótọ́ ni pé APC Ọ̀ṣun lé e ní oṣù kìíní 2025. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló lé e, kì í ṣe òfin. Ní oṣù keje ọdún kan náà, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé àpapọ̀ onígbà-díẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, ADC, tí David Mark jẹ́ alága.