Ikùn dún, ṣé ìyẹn wá ni ẹ̀rí pé rọ́bà oúnjẹ wà níbẹ̀?

Wọ́n tún ti gbé e dé. Nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun lórí WhatsApp: tẹ́ ẹ bá ti ki rọ́bà oúnjẹ bọ aláìsàn nímú, ẹ fi sírínjì fẹ́ atẹ́gùn sí i, kẹ́ ẹ gbé stethoscope, ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró inú ara, lé ikùn. Bó bá ti dún "fùú", ó ti wọ ikùn nìyẹn, ẹ máa da oúnjẹ lọ. Gbogbo wọn sì ń fi àtàǹpàkò sí i!

Fùú yẹn kò sọ ibi tí rọ́bà wà. Iṣan pẹlẹbẹ kan ló pààlà sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn, ìró sì máa ń rìn. Bí ẹnu rọ́bà bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ẹ ṣì lè gbọ́ ọ lókè ikùn. Láti 1990 ni Norma Metheny, nọ́ọ̀sì olùwádìí ní Amẹ́ríkà, ti gba irú ìró yìí sílẹ̀ tó sì dán an wò: wọn ò lè fi ìró mọ ibi tí ẹnu rọ́bà wà. Ní 2005, NPSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò aláìsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀. Láti 2009, bí wọ́n bá da oúnjẹ sí ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ara àwọn àṣìṣe tí kò gbọdọ̀ wáyé láé ni wọ́n ń kà á mọ́.

Èyí tí mo fojú ara mi rí ńkọ́? Bàbá kan ni, rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, kò lè gbé nǹkan mì. Wọ́n fi rọ́bà sí i, ó dún ketekete, ọ̀gá wa ti ní ká pèsè oúnjẹ. Mo yarí pé àfi X-ray. Ẹjọ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà o. Fọ́tò dé: rọ́bà ti gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún lọ. Bàbá ò húkọ́ rárá. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "tó bá ṣìnà, ṣebí á húkọ́." Ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ ti kú, kí ni yóò fi húkọ́?

Ẹ fà á ni, ẹ má fẹ́ ẹ. Ẹ fi sírínjì fa omi díẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ kán an sórí bébà pH, bébà tó ń fi òǹkà sọ bí ásíìdì ṣe mú tó: bí òǹkà bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe mú tó. Ásíìdì ikùn mú gan-an; bí òǹkà bá wà láàárín 1 sí 5.5, oúnjẹ lè máa wọlé. Bí omi ò bá jáde, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dá aláìsàn dùbúlẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fà. Bébà litmus tó kàn ń yí àwọ̀, tí kì í sọ òǹkà, kò tó. Ó dáa, omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì ikùn kù, lè gbé òǹkà yẹn sókè. X-ray ló wà fún ìyẹn, kì í ṣe fùú.

"Ogún ọdún la ti ń ṣe é, kò pa ẹnì kankan." Àwọn tí wọ́n sọ pé nìmóníà, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ló pa, ta ló yẹ àyà wọn wò bóyá oúnjẹ ló wọ ibẹ̀?

Ẹlòmíì á ní kò sí bébà pH ní wọ́ọ̀dù òun. Ẹ bèèrè fún un. Kó tó dé, ẹ fa omi sí aláìsàn lápá, ẹ ní kí wọ́n ya X-ray, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú fáìlì ẹ̀ pé rọ́bà yìí kò tíì ṣeé lò.