Ẹ̀gà Nìkan Kọ́ Ló Ń Jẹ Ìrẹsì Wa

Bí ẹ̀gà bá balẹ̀ sóko ìrẹsì, gbogbo abúlé ló ń gbọ́. Ọmọdé á gbé kànnàkànnà, ìyá á máa lu agolo, ariwo á sọ. Ọ̀tá tí a fojú rí nìyẹn. Èyí tó ń kó oko lọ láìpariwo kò ní ìyẹ́, kì í sì í ké. Oko á tutù yọ̀yọ̀, ṣírí á ti máa yọ, àgbẹ̀ á ti máa fọkàn ṣírò iye àpò tí yóò gbé délé. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ṣírí ti funfun. Ẹ fọwọ́ rá a wò, ìyàngbò lásán ni. Ẹ wo ibi tí ṣírí ti so mọ́ pòròpórò, ọrùn rẹ̀ ti dúdú, ó ti rà, ó sì ti kán. Àwọn kan á ní ọ̀dá ni, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni.

Olú ni. Kì í ṣe olú tí à ń fi se ọbẹ̀ o. Ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì bu ni, ojú lásán kò lè rí i. Blast ni àwọn onímọ̀ ń pe àrùn tó ń fà, Magnaporthe oryzae sì ni orúkọ olú náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ń run ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìrẹsì ayé lọ́dọọdún, oúnjẹ tó tó bọ́ mílíọ̀nù 60 èèyàn.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ kò lọ́jú pọ̀: ìjọba tó bá ń náwó sórí ìrẹsì, tí kò náwó sórí mímọ olú yìí, agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Lóṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ẹnu bodè pa, wọ́n ní ká jẹ ìrẹsì tiwa. Lóṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀ta l'Ékòó, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í sọ ìyàngbò di ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí olú náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ ń ya èèyàn lẹ́nu. Irúgbìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí eruku, atẹ́gùn ló ń gbé e. Bó bá bà lé ewé tí ìrì ti sẹ̀ sí, á lẹ̀ mọ́ ọn bí oje, á na okùn tín-ín-rín kan jáde, orí okùn náà á sì wú bí ìdérí ìkòkò. Á fi àwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánìn tẹ́ ara rẹ̀ nínú kí ohun tó wà níbẹ̀ má baà jò, á wá máa fa omi mu títí agbára inú rẹ̀ yóò fi tó ìlọ́po 40 ti táyà ọkọ̀. Agbára yẹn ló fi ń ti ẹ̀gún kan wọ inú ewé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, àpá á yọ: orí méjèèjì ṣóńṣó, àárín rẹ̀ bí eérú, etí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Àpá kan ṣoṣo lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Àwọn tó jókòó ti máíkírósíkóòpù ló rí gbogbo èyí. Àwọn náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé bí a bá gba dúdú yẹn lọ́wọ́ olú, kò lè wọlé mọ́. Bí oògùn tí wọ́n ń pè ní tricyclazole ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìmọ̀ yìí kan náà ló yẹ kó dá àwọn olóṣèlú lọ́wọ́ kọ́. Ìgbà ìdìbò kì í kọjá kí a má rí àpò ajílẹ̀ yúríà lórí ọkọ̀, tí wọ́n lẹ àwòrán ẹnì kan mọ́ ọn lára. Yúríà dára. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tó bá jẹ ẹ́ jù, ewé rẹ̀ á rọ̀, olú á sì rí ibi jẹ. Àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò là lọ́yẹ̀, bó bá rí i pé ewé ń kú, kí ni yóò ṣe? Yúríà ni yóò tún wọ́n sí i.

Àwọn kan á ní ṣebí irúgbìn tí àrùn kì í mú wà. Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ bi Gúúsù Kòríà léèrè. Wọ́n ní ìrẹsì kan tí wọ́n ń pè ní Tongil, tó ń so wọ̀ǹtìwọnti, tí blast kì í sì í mú. Wọ́n pín in káàkiri, nígbà tó fi máa di 1977 wọ́n ní àwọn ti ń gbin èyí tó tó àwọn jẹ. Ní 1978, olú náà ti para dà, ó sì gbo Tongil kanlẹ̀. Ohun tó ń para dà, ojoojúmọ́ là ń ṣọ́ ọ.

Ní Yunnan, nílẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ṣọ́ ọ débi tí wọ́n fi rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n gbin ìrẹsì oríṣi méjì pọ̀ sójú oko kan náà, èyí tí blast tètè ń mú láàárín èyí tí kì í tètè mú. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2000, àrùn náà fi ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára èyí tó ń tètè mú, kò sì ju ọdún méjì lọ tí àwọn àgbẹ̀ fi jáwọ́ nínú fífín oògùn. Ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ wa irúgbìn méjì tí yóò dà pọ̀? Ẹni tó mọ irú olú tó wà nílẹ̀ yìí nìkan ni. Èyí tó wà ní Ọ̀fàdà lè má jẹ́ irú èyí tó wà ní Badeggi, ní ìpínlẹ̀ Niger.

Ilẹ̀ gbígbẹ tó gbójú lé òjò ni wọ́n ti ń gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà jù, ibẹ̀ sì ni olú yìí fẹ́ràn ju àkùrọ̀ tí omi dúró sí lọ. Ó yẹ ká ti máa ṣọ́ ọ tipẹ́. Kì í ṣe pé a kò ní onímọ̀. AfricaRice, àjọ tó ń ṣèwádìí ìrẹsì nílẹ̀ Áfíríkà, ní ibùdó ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìrẹsì sì wà ní Badeggi. Ohun tó sọnù ni ẹni tí yóò máa gba ewé láti oko dé ọ̀dọ̀ wọn, tí yóò sì máa gba èsì padà dé oko.

A mọ̀ pé wọ́n á ní owó kò sí, pé ọ̀nà oko kò dára, pé màlúù ń jẹ oko. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ń ná lórí ayẹyẹ pípín ajílẹ̀ nìkan, kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀.

Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá da owó pọ̀, kí wọ́n fi yàrá àyẹ̀wò kan ṣoṣo lélẹ̀ fún olú yìí. Kí òṣìṣẹ́ ADP, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń la àgbẹ̀ lọ́yẹ̀, máa gé ewé tó ní àpá lóko ní gbogbo ìgbà òjò, láti Ọ̀fàdà dé Ìgbẹ́mọ-Èkìtì, kó kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sára àpò rẹ̀, kó sì gbé e dé yàrá náà kó tó bàjẹ́. Kí irúgbìn kankan má jáde sọ́wọ́ àgbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti fi olú tiwa níbí dán an wò. Nínú ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, a fẹ́ rí iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, àti owó epo ọ̀kadà ẹni tí yóò máa lọ gé ewé wá.