Èsì wa lórí bílédì 54 tẹ́ ẹ ní ó tẹ̀

Ẹ ṣé o, ọ̀gá, a ti rí rífíù yín. Sítáà kan lẹ fún wa. Ẹ ní bílédì 54 tá a háyà fún yín láti fi yọ kọ́ọ̀pù ìgbáròkó (ìyẹn èyí tó bá kọ́ọ̀pù tí ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 54 mu) tín-ín-rín bí ewé, pé ó tẹ̀ nínú tíátà iṣẹ́ abẹ, pé ó dógùn-ún lọ́jọ́ kejì, pé mágínẹ́ẹ̀tì gbé e, torí náà páńdà ni, ká dá owó yín padà. Ǹ bá dákẹ́, àmọ́ àwọn tó fẹ́ wá háyà irinṣẹ́ lọ́wọ́ wa ń kà á, èmi tí mò ń kọ èyí ni mo sì yàwòrán bílédì yẹn fúnra mi, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún un ṣe. Mi ò lè máa wòran kí wọ́n pè é ní páńdà.

Ọ̀rọ̀ tín-ín-rín ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ ìgbáròkó fún, kọ́ọ̀pù irin ni wọ́n sábà máa ń kì bọ ojúhò egungun ẹ̀, ẹ̀yìn kọ́ọ̀pù yẹn rí gbágungbàgun kí egungun lè hù wọ̀ ọ́ lára. Tó bá wá di pé ó ní láti jáde, bóyá kòkòrò àìsàn ti wọ̀ ọ́ àbí ike tó wà nínú ẹ̀ ti jẹ, egungun ò ní fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti yọ àgbọn lára èèpo rí, ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ki ọ̀bẹ tó nípọn bọ̀ ọ́, ńṣe ló máa fọ́ wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Gbogbo egungun tí bílédì bá jẹ, ó lọ nìyẹn, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kọ́ọ̀pù tuntun máa dì mú. Nílẹ̀ wa níbí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ìgbáròkó kì í ṣe arúgbó, ọ̀dọ́ tó ní fòníkúfọ̀ládìde ni, àìsàn yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé orí egungun itan wọn dáadáa tó fi ń kú. Ẹni tó ṣe é lọ́mọ ọdún 25, ó ṣeé ṣe kó tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó darúgbó. Ṣé irin tó nípọn bí àdá lẹ fẹ́ kí n fi wọ inú ìyẹn ni?

Torí náà mo ṣe é tín-ín-rín, mo sì tẹ̀ ẹ́ bíi ẹ̀yìn igbá. Bọ́ọ̀lù irin kan wà lórí ẹ̀ tó máa jókòó sínú ike kọ́ọ̀pù náà, mìlímítà 28 ni o, 32 ni o, 36 ni o, bí inú ike yẹn bá ṣe fẹ̀ tó. Bọ́ọ̀lù yẹn ló máa dúró láàárín, bílédì á wá máa yí po lẹ́yìn kọ́ọ̀pù, níbi tí irin ti pàdé egungun. Bílédì kúkúrú ló ń kọ́kọ́ wọlé, ó máa la etí ẹ̀ yí ká, lẹ́yìn náà ni ti gígùn á wá dé ìdí. Yíyí ni wọ́n ń yí i. Sáìsì méjì nìyẹn, ti inú àti ti ẹ̀yìn, tí ọ̀kan bá ti yẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ sáìsì rárá nínú rífíù yín. Kí n bá yín sọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù kẹta, aago mẹ́sàn-án kọjá, ẹ fi fọ́tò X-ray ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní ká gbé 54 wá. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó fóònù wa béèrè stíkà, ìyẹn stíkà tí wọ́n kọ sáìsì sí, tó máa ń wà nínú páálí kọ́ọ̀pù, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ fáìlì aláìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè, ó wà nínú fóònù. Ó tún ṣàlàyé fún yín pé X-ray máa ń fẹ nǹkan ju bó ṣe rí lọ, tí wọn ò bá gbé bọ́ọ̀lù tá a mọ sáìsì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn nígbà tí wọ́n ń yà á, èèyàn ò lè fojú wò ó kó sọ pé 54 ni. A ní ká gbé 52, 54, 56 àti 58 wá, kẹ́ ẹ sanwó èyí tẹ́ ẹ bá lò nìkan, kẹ́ ẹ kàn fi dìpọ́sìtì sílẹ̀ lórí ìyókù. Ẹ ní dìpọ́sìtì ti pọ̀ jù, ká ṣáà gbé 54 wá.

Nígbà tí kọ́ọ̀pù yẹn jáde tán, nọ́ọ̀sì tíátà yín fúnra ẹ̀ ló kà á sí wa létí lórí fóònù: 56 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀.

Bílédì 54 lórí kọ́ọ̀pù 56, mìlímítà kan ló fi sún wọnú jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, irin ló ń gé, kì í ṣe egungun. Lọ́jọ́ 10 tí bílédì padà dé, èmi àti bùọ̀dá tó ń lo lééètì, ẹ̀rọ tá a fi ń gbẹ́ irin, gbé e sójú fèrèsé. Ẹnu ẹ̀ ti jẹ bí eyín ayùn, àbàwọ́n eérú títàníọ̀mù, irin tí wọ́n fi ṣe kọ́ọ̀pù yẹn, wà lára ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù pa á, ojú hámà mẹ́fà sì wà lórí ọwọ́ ẹ̀, a kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ̀. Kò ṣẹ́ o! Èmi ni mo ní kí wọ́n dín líle ẹ̀ kù lẹ́yìn iná, torí bílédì tó bá tẹ̀, ẹ lè fà á jáde, àmọ́ èyí tó bá ṣẹ́ sínú egungun ọmọ ọlọ́mọ, ta ló máa lọ wá a?

Mágínẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́. Stainless tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé, irú 316L tí wọ́n fi ń ṣe àwọn irin tí wọ́n ń fi sínú ara, iná ò lè mú un le, ẹnu ẹ̀ á kú kíá. Stainless tí wọ́n ń pè ní 420 la fi ṣe bílédì wa, ó wà nínú ASTM F899, ìwé tí wọ́n to irin irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ sí, mágínẹ́ẹ̀tì sì máa ń gbé e níbi gbogbo láyé. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì yẹn sún mọ́ àwọn sáàsì tíátà yín kẹ́ ẹ wò ó.

Ní ti pé ó dógùn-ún, nọ́ọ̀sì yín kan náà ló sọ pé inú bílíìṣì ni wọ́n rẹ ẹ́ sí mọ́jú. Bílíìṣì máa ń dá ihò kéékèèké sí irú stainless yìí lára, ihò yẹn la rí. Ọṣẹ tí kò ní bílíìṣì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ìkòkò 134°C tẹ́ ẹ fi ń pa kòkòrò ara irinṣẹ́.

Èyí tó jẹ́ ẹ̀bi wa, mo gbà á. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ 6 ló yẹ kí ráìdà wa dé, aago mẹ́sàn-án kọjá ló dé, gósílóò ló mú un, àmọ́ ó yẹ ká ti tètè rán an. Pépà tá a fi sínú àpótí náà ò sì kọ ọ́ pé ẹ má lo bílíìṣì. A rò pé gbogbo tíátà ló mọ̀ ni. A ti kọ ọ́ sí i báyìí, ní pupa, lójú ìwé àkọ́kọ́.

Torí pé a pẹ́ dé, ìdajì owó háyà yín, N90,000, a ó dá a padà lọ́sẹ̀ yìí. A ò ní gba owó bílédì tó bàjẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ná wa jùyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́, màá wá sí tíátà yín fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé kan, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú egungun oníke àti kọ́ọ̀pù, káwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà yín fọwọ́ ara wọn yí i.

Inú wa dùn pé aláìsàn náà ti ń rìn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún pè wá, a ò ní gbé bílédì kankan jáde fún yín láìrí stíkà. Àwọn kọ́sítọ́mà wa tó kù ń mú tiwọn wá láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n.