Ìyẹ́ Ìgo Máa Ń Rin, Àmọ́ Kì Í Ṣe Nítorí Àìní Òróró

Ẹ ti lè rí ẹyẹ dúdú kan lórí igi tí àwọn apẹja rì mọ́ inú ọ̀sà, tó ya apá méjèèjì gbàgàdà bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn. Cormorant ni Òyìnbó ń pè é. Àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá pè é ní ìgo. Bí ẹ bá béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Kò ní òróró lára bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Omi ti rin ín gbingbin, àfi kó sá ara rẹ̀ kó tó lè fò." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu atukọ̀, mo ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi náà sì ti fi kọ́ ọmọdé rí. Ó dùn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ẹyẹ yìí.

Ẹni tó bá ti tu ìyẹ́ adìyẹ rí mọ kókó kékeré tó wà lókè ìrù, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń ní ká gé sọnù kó má ba ọbẹ̀ jẹ́. Ibẹ̀ ni òróró ti ń jáde tí ẹyẹ fi ń pa ìyẹ́. Ìgo ní kókó yìí, ó sì ń lò ó dáadáa.

Bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an ló yẹ ká wò. Lọ́dún 2005, David Grémillet, onímọ̀ ará Faransé, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí jáde lórí ìyẹ́ ìgo ńlá. Etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan rí jáújàú, omi sì máa ń wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àárín rẹ̀ ki pọ́pọ́, omi ò lè gbà á kọjá. Nígbà tí ìyẹ́ bá wá gun orí ara wọn bíi páànù òrùlé, òde á tutù, àmọ́ atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan á ṣì wà láàárín ìyẹ́ àti awọ. Greenland, erékùṣù olótùútù kan ní àríwá ayé, wà níbẹ̀ bí ẹ̀rí. Ìgo ńlá ń lo ìgbà òtútù níbẹ̀, ó ń wọ inú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín lọ wá ẹja. Ká ní omi ń dé awọ rẹ̀ ni, òtútù ì bá ti pa á.

Kí wá ni èrè pé kí òde tutù? Ẹ mú kèrègbè òfìfo, ẹ dí i lẹ́nu, kí ẹ tì í wọ inú odò. Bí ẹ bá ṣe ń tì í lọ sísàlẹ̀ ló ń tì yín padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ ṣe rí: atẹ́gùn tó kún inú ìyẹ́ rẹ̀ ló gbé e léfòó. Ìgo kò fẹ́ léfòó, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Bí omi bá ṣe ń wọ etí ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń jáde, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣòfò. Ẹsẹ̀ yẹn náà kì í ṣe kékeré: awọ so ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta ni ti pẹ́pẹ́yẹ. Á pa apá mọ́ra, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tapá lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò imú rẹ̀ ti dí láti ìta, ẹnu ló fi ń mí. Tó bá jáde pẹ̀lú epìyà ní ìbú ẹnu, ẹ dúró kí ẹ wò ó: á jù ú sókè díẹ̀, á fi orí rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹja lè sùn, á sì gbé e mì.

Ní odò Nagara ní Gifu, ní ilẹ̀ Japan, ó ti lé ní 1,300 ọdún tí àwọn apẹja ti ń fi ìgo pẹja, wọ́n á so okùn mọ́ ọn lọ́rùn kó má bàa gbé ẹja ńlá mì. Kò sẹ́ni tó máa fi irinṣẹ́ tó lábùkù ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé ó ń sá apá. Omi tó wà létí ìyẹ́ wúwo, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Sísá yẹn ò sí nínú irọ́ náà, àìní òróró ni irọ́. Mo rò pé ìbátan rẹ̀ kan tún ń da ọ̀rọ̀ náà rú, èyí tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ tí ọrùn rẹ̀ nìkan á yọ bí ejò. Ìyẹ́ tìyẹn máa ń rin ju ti ìgo lọ, ó sì tún ń yá oòrùn kí ara rẹ̀ lè móoru.

Ìgo kan wà ní Galápagos, ní Ecuador, tí kì í fò rárá. Erékùṣù méjì péré ló ń gbé, Fernandina àti Isabela, apá rẹ̀ sì ti kéré jù láti gbé e kúrò nílẹ̀. Tó bá ti inú òkun jáde, á gun orí àpáta, á sì ya apá kékeré yẹn gbàgàdà sínú oòrùn.